Ewé, Òróró Olóòórùn àti Ìfọ̀kànbalẹ̀ Aláìsàn ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Àìfọkànbalẹ̀ aláìsàn sábà máa ń hàn lára kó tó hàn lẹ́nu: àyà á máa lù kì-kì, oúnjẹ ò ní í wọ ọ̀nà ọ̀fun, ilẹ̀ á mọ́ láìfojú kan oorun. Ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn kan máa ń wá ìtura lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ ní Ọjà Ọba tàbí ọjà Atakúnmọ́sà kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ewé tó kàn ń tu ni lára yàtọ̀ sí èyí tó ń yí iṣẹ́ ọpọlọ padà. Nítorí náà, ẹ̀rí àti ewu ewé kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó pinnu bí aláìsàn yóò ṣe lò ó.

Aṣọ́fẹ́yẹjẹ (Rauvolfia vomitoria) ló gba ìṣọ́ra jù. Egbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lò fún wèrè. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà reserpine jáde lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà. Reserpine kan náà wà nínú aṣọ́fẹ́yẹjẹ. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, Abẹ́òkúta, tẹ ìwádìí jáde ní 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe ń lo egbò náà. Reserpine máa ń dín èròjà tí iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn kù. Bó ṣe ń mú ara balẹ̀ nìyẹn. Ó tún ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè sọ ènìyàn di oníbànújẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ abẹ ń já láyà kò nílò irú agbára bẹ́ẹ̀, pàápàá bó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Kóókó ọba, tí wọ́n ń pè ní ewé tíì, rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń sè é mu fún ibà, òórùn rẹ̀ sì ń tuni lára. Síbẹ̀, ìwádìí àwọn ará Brazil tó jáde ní 1986, lára àwọn tí ara wọn le, kò rí i pé ó ń mú oorun wá tàbí pé ó ń dín àníyàn kù. A lè mu ún fún ìtura. Kò tó fi rọ́pò ìtọ́jú.

Ní ti òróró olóòórùn, ti lavender ni ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ní Jámánì, wọ́n ti fọwọ́ sí kápúsù rẹ̀ tó jẹ́ 80 miligíráàmù fún àìfọkànbalẹ̀. Ẹ̀rí yìí kò ṣeé yá fún ẹ̀fínrín: èròjà linalool ló pọ̀ nínú lavender, thymol tàbí eugenol ló sábà máa ń pọ̀ nínú òróró ẹ̀fínrín. Bẹ́ẹ̀ ni òróró ìgò tí wọ́n ń tà fún fífín kì í ṣe ohun mímu, òórùn líle sì lè dá ikọ́ fée sílẹ̀.

Ọ̀nà àjọṣe láàárín ilé ìwòsàn àti oníṣègùn ìbílẹ̀ kò ṣàjèjì. Láti 1954 ni dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún Iléṣà àti Òṣogbo. Kí nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí aláìsàn ń mu láìbá a wí, nítorí ẹni tí wọ́n bá kàn lábùkù yóò fi àgbo rẹ̀ pa mọ́. Kí wọ́n dá aṣọ́fẹ́yẹjẹ dúró ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì jẹ́ kí aláìsàn mu ewé tíì bí dókítà kò bá ní kó gbààwẹ̀. Bí ìpáyà bá ń dí ènìyàn lọ́wọ́ oorun àti iṣẹ́ òòjọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ló kàn.