Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Gba Àkóso Áńbúláǹsì Lọ́ńdọ̀nù

Títí di ọdún 1992, bébà ni wọ́n fi ń darí ọkọ̀ áńbúláǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní olú ilé iṣẹ́ wọn ní Waterloo, bí ìpè pàjáwìrì 999 bá wọlé, ẹni tó gbé fóònù á kọ àdírẹ́sì àti ohun tó ń ṣe aláìsàn sórí fọ́ọ̀mù, á ṣí ìwé máàpù láti mọ ibi tí òpópónà náà wà gan-an, á wá gbé fọ́ọ̀mù náà lé bẹ́líìtì tó ń yí lọ. Ní ìparí bẹ́líìtì, ẹlòmíràn á kó àwọn fọ́ọ̀mù jọ. Á yẹ̀ wọ́n wò, bóyá ìjàm̀bá kan ṣoṣo ni èèyàn méjì pè lé lórí, á sì pín wọn sí apá mẹ́ta ìlú: àríwá-ìlà-oòrùn, àríwá-ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù. Níbẹ̀ ni ẹni tó mọ àdúgbò náà bí ẹni mowó á ti sọ pé ọkọ̀ báyìí ni kó lọ. Gbogbo rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Iṣẹ́ ńlá ni nígbà náà. Ìlú tí wọ́n ń bójú tó fẹ̀ tó ẹgbẹ̀ta máìlì níbùú lóròó, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀. Gúúsù rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Peckham àti Camberwell, wà lábẹ́ wọn pẹ̀lú. Lójoojúmọ́, aláìsàn tí wọ́n ń gbé lé ní 5,000. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe pàjáwìrì rárá: arúgbó tó fẹ́ lọ rí dókítà ni, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí kò lè dá rìn délé. Ìpè 999 nìkan tó 1,300 sí 1,600 lóòjọ́. Fọ́ọ̀mù lè sọnù. Ẹni tó ń pín ọkọ̀ lè gbàgbé èyí tó ti dilẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àdírẹ́sì nínú ìwé máàpù lè rí òpópónà mẹ́ta tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò yẹ kí ẹ̀rọ ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni gbígbé aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ètò. Ṣànpọ̀nná ló kọ́ ìjọba ìlú náà lọ́gbọ́n yìí ní bíi ogóje ọdún sẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Metropolitan Asylums Board kó ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ jọ láti máa fi gbé àwọn tí àrùn náà mú, kí wọ́n má baà máa wọ ọkọ̀ èrò pẹ̀lú ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ní 1884, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn gba odò Thames lọ sí Long Reach, níbi tí wọ́n ti sọ ọkọ̀ òkun ńláńlá mẹ́ta di ilé ìwòsàn.

Fóònù náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1935, iná sọ ní ilé kan ní Wimpole Street, obìnrin márùn-ún sì bá a lọ. Aládùúgbò kan tó fẹ́ pe panápaná dúró títí lórí fóònù, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Inú bí i, ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn The Times. Lẹ́yìn ìwádìí àti awuyewuye, 999 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 30 oṣù Kẹfà 1937. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pè é, aago á ké, iná pupa á sì tàn níwájú òṣìṣẹ́ tẹlifóònù, kó lè mọ̀ pé ìpè yìí ò ṣe é fi sẹ́yìn ẹni tó kàn fẹ́ kí ọ̀rẹ́. Iná pupa yẹn ló ń ya ọ̀ràn kánjúkánjú sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe, kò sì gba ìpinnu kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀gá wá dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990 yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀kan tí wọ́n pa tì ní 1990 lẹ́yìn tí mílíọ̀nù pọ́n-ùn bíi méje àbọ̀ ti wọ̀ ọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ó sì gbọ́dọ̀ yá. Olùdámọ̀ràn ti sọ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ rí ètò tó ti wà nílẹ̀ rà, yóò gbà wọ́n ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ pọ́n-ùn àti oṣù 19. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tí owó tí wọ́n pè kò tó mílíọ̀nù kan, wọ́n sì fẹ́ kó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wakọ̀ àtàwọn tó ń gbé fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ lóhùn sí i. Àárín àwọn àti ọ̀gá kò dán mọ́rán nígbà náà, ìyanṣẹ́lódì 1989 sí 1990 ṣì wà lọ́kàn gbogbo wọn, àwọn ọ̀gá sì gbà pé ẹ̀rọ ló máa tún ìwà òṣìṣẹ́ ṣe. Orí bíbẹ́ kì í ṣe oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé dání nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọkọ̀ tó sún mọ́ aláìsàn jù, láìsí bébà. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sínú ọkọ̀ kí òṣìṣẹ́ máa tẹ bọ́tìnnì: mo ti gbéra, mo ti débẹ̀, mo ti gbé aláìsàn, mo ti dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ mi ti dilẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde. Bọ́tìnnì wo ló máa rántí? Ibòmíràn sì wà nínú ìlú tí rédíò kì í dé, bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé ọkọ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tí kọ̀ǹpútà kọ orúkọ wọn sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Kẹwàá 1992, wọ́n tan ètò náà fún gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro 81 ló wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n mọ̀ sí i tí wọn ò tíì tún ṣe. Wọ́n ti pa apá mẹ́ta ìlú pọ̀, wọ́n ti yí ìjókòó àwọn òṣìṣẹ́ padà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ àdúgbò kan kò sí nídìí àdúgbò rẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ sí i ni ìpè ń pọ̀ sí i, òtítọ́ tí kọ̀ǹpútà mọ̀ nípa àwọn ọkọ̀ sì ń dín kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọkọ̀ tó jìnnà. Nígbà mìíràn ó rán ọkọ̀ méjì sójú kan. Gbogbo ohun tí kò bá yé e, á fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sójú ẹ̀rọ. Àwọn ìkìlọ̀ pọ̀ débi pé àwọn tuntun ń ti àwọn ti tẹ́lẹ̀ kúrò lójú ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó kà wọ́n. Aláìsàn tí kò rí ọkọ̀ tún ń pè lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ìpè wọn sì tún ń dá kún ẹrù náà.

Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù dúró fún wákàtí mọ́kànlá. Ó ti wá ọ̀nà dé ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ kí áńbúláǹsì tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ pé èèyàn ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló kú nítorí ọkọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú tó fìdí èyí múlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n padà sí ètò alábọ́dé, tí ènìyàn tún ń lọ́wọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá àgbà, John Wilby, fipò sílẹ̀. Nígbà tó di òru 4 oṣù Kọkànlá, ẹ̀rọ náà dákẹ́ pátá. Ìlà àṣẹ kan tí ẹni tó ń kọ ètò náà gbàgbé sínú rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ló ń jẹ ààyè inú kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ṣẹ́ kù. Wọ́n gbé bébà padà.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jábọ̀ ní oṣù Kejì 1993. Ọ̀rọ̀ kan nínú àbọ̀ náà yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn kà: ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un ni kò dára, torí ó nílò pé kí gbogbo ìròyìn tó ń wọlé pé pérépéré, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ìgbà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ìtàn Lọ́ńdọ̀nù kò pariwo, ṣùgbọ́n òun gan-an ni èmi ìbá pè ní àṣeyọrí. Àwọn ọ̀gá tuntun kọ́kọ́ ra ọkọ̀, wọ́n gba òṣìṣẹ́ kún, wọ́n tún iyàrá iṣẹ́ ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n kọ nílé fúnra wọn kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1996. Gbígba ìpè nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣe ìwọ̀nba, wọ́n á gbé e síwájú àwọn tó máa lò ó, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n á tún un ṣe kí wọ́n tó fi òmíràn kún un. Ní 1997, British Computer Society fún wọn lẹ́bùn lórí ètò náà.

Ní báyìí tí AI ti dé, ìbéèrè bí ẹ̀rọ ṣe lè ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ti dé Copenhagen. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa tẹ́tí sí ìpè pàjáwìrì, kó lè mọ̀ bí ọkàn ẹni tí wọ́n ń pè nítorí rẹ̀ bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò lórí ìpè tó lé ní 108,000 tó wọlé ní ọdún 2014, ó dá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ mọ̀, àwọn tó gbé fóònù sì dá bíi 73 mọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 44 ló gbà á, ó gba àwọn ènìyàn ní 54. Wọ́n wá gbé e sí iṣẹ́ gidi. Nínú ìpè kan, ìkìlọ̀ á yọ sójú ẹ̀rọ. Nínú òmíràn, kò ní yọ, kí wọ́n lè fi wéra. Àbájáde tó jáde ní 2021 fi hàn pé ẹ̀rọ náà ṣì mọ̀ ọ́n ju ènìyàn lọ, àmọ́ àwọn tó rí ìkìlọ̀ rẹ̀ kò fi ohun tó jọjú dáa ju àwọn tí kò rí i lọ.