Orúkọ Wo Ló Yẹ Ìwé Jìnnìjìnnì Àbuwọ́lù?

Inú bí mi nígbà tí mo ka ohun tí ẹnì kan pe ìwé ìtàn abanilẹ́rù tí atẹ̀wé tẹ ẹ̀dà rẹ̀ níwọ̀nba, tí òǹkọ̀wé sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí. Ó pè é ní “ìwé ìtàn àròsọ adẹ́rùbani olódìíwọ̀n tí a fi òǹtẹ̀ ìbuwọ́lù òǹkọ̀wé lù”. Ta ni yóò fi ẹnu pe èyí lọ́jà? Gígùn rẹ̀ nìkan kọ́ ló burú. Òdíwọ̀n ni ohun tí a fi ń mọ bí nǹkan mìíràn ṣe tó. Bí a bá wá pe ìwé ní olódìíwọ̀n, ìwé tó bá ìlànà mu, tí gbogbo ayé ń lò, là ń wí. Òdìkejì ohun tó ní lọ́kàn ló sọ jáde.

Òwò ìwé wọ̀nyí ti pẹ́ lókè òkun. Lọ́dún 1980, ilé ìtẹ̀wé Phantasia Press ní Amẹ́ríkà tẹ Firestarter ti Stephen King, ìtàn ọmọdébìnrin kan tí èrò ọkàn rẹ̀ ń dá iná. Ẹ̀dà 725 ló gba nọ́ńbà. Àwọn 26 mìíràn gba lẹ́tà, A dé Z, wọ́n sì fi aṣọ asibẹ́sítọ́ọ̀sì tí iná kì í jó bo ẹ̀yìn wọn, ìyẹn ìbátan èyí tí a ń kàn mọ́ àjà ilé. Lọ́dún 1984, King fúnra rẹ̀ tẹ The Eyes of the Dragon nílé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Philtrum Press, ní ẹ̀dà 1,250: 1,000 gba nọ́ńbà dúdú fún títà, 250 gba nọ́ńbà pupa fún ẹ̀bùn. Mo fẹ́ kí a lè sọ gbogbo èyí ní Yorùbá láìkólòlò.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò ní ìjà nínú. Òǹkọ̀wé, atẹ̀wé, ojú ìwé, èèpo ẹ̀yìn ìwé: wọ́n ti wà nílẹ̀. Bébà mèremère tí a ń fi bo èèpo ẹ̀yìn, ẹ̀wù ìwé ni. Páálí líle tí a ń ti ìwé bọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ń yọ síta, àkọ̀ ni. Àwọn tó ń ti idà bọ àkọ̀ ti bá wa sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́. Nọ́ńbà ńkọ́? Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní kí a lé e nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni, kí ó kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún tàdáwà, tó ti ọ̀dọ̀ Haúsá wọlé. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wa ń lo fóníìmù àti mọ́fíìmù, èdè Yorùbá kò sì torí rẹ̀ bàjẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí a da ẹ̀dà pọ̀ mọ́ àtẹ̀jáde. Ẹ̀dà ni ẹyọ ìwé kan tó wà lọ́wọ́ rẹ. Àtẹ̀jáde ni gbogbo èyí tí a tẹ̀ pa pọ̀ lábẹ́ ètò kan náà. Èyí tó ṣáájú gbogbo rẹ̀, mo pè é ní àkọ́tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe àkọ́bí àti àkọ́so. Nígbà náà, àtẹ̀jáde ni ìwọ̀nba, ìyẹn bí a ṣe fi òpin sí iye ẹ̀dà, yóò bá tan. Ẹ̀dà ni ìbuwọ́lù yóò bá tan. Èyí tó gba lẹ́tà dípò nọ́ńbà, ẹ̀dà alábídí ni, láti inú ábídí. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Òyìnbó ń tẹ 26 nítorí pé 26 ni lẹ́tà rẹ̀. Tiwa jẹ́ 25. Atẹ̀wé Yorùbá tó bá ṣe ẹ̀dà alábídí yóò ní ẹ̀dà Ẹ, ẹ̀dà Ọ, ẹ̀dà Ṣ, àti ẹ̀dà GB tí kò sí nínú ábídí òyìnbó.

Ìjà gidi bẹ̀rẹ̀ níbi ìwọ̀nba. Mo ti gbọ́ “àtẹ̀jáde aláàlà”, mo ti gbọ́ “àtẹ̀jáde àìpọ̀”. Ilẹ̀ ló ní ààlà. Àìpọ̀ ní tirẹ̀ dún bí ẹni pé owó tán lọ́wọ́ atẹ̀wé. Oníwọ̀nba ni mo dì mú. Láti inú wọ̀n, kí a fi òṣùwọ̀n mọ bí nǹkan ṣe tó, ni ìwọ̀n ti jáde. Ìwọ̀nba sì ni ibi tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá nǹkan dúró sí. A ń sọ fún ọmọ pé kí ó sọ̀rọ̀ níwọ̀nba, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Gbé ohùn wọ̀n sókè, ó di wọ́n: ẹja wọ́n lọ́jà, epo bẹntiróòlù wọ́n. Ibẹ̀ la ti rí ọ̀wọ́n. Ohùn nìkan ló ya méjèèjì, ìyàtọ̀ náà sì lágbára, nítorí pé ìwé lè jẹ́ ọ̀wọ́n láìjẹ́ oníwọ̀nba. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Arkham House tẹ The Outsider and Others ti H. P. Lovecraft ní 1939, ẹ̀dà 1,268 péré ló tẹ̀, síbẹ̀ ó lo ọdún mélòó kan kí ó tó tà tán. Lovecraft ti kú ní 1937, kò lè buwọ́ lu ọ̀kankan. Ọ̀wọ́n ni ìwé náà lónìí. Nílé níbí, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde ní 1938, ìwé tí ọmọ ilé-ìwé ń kà ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ó ṣọ̀wọ́n. Ọwọ́ àwọn ọmọ, ikán àti òjò ló sọ àkọ́tẹ̀ rẹ̀ di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ń kó ìwé jọ létí òkun Àgbádárìgì mọ ohun tí mò ń sọ. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń ti òkun bọ̀, ọ̀rinrin ń ti ọ̀sà bọ̀. Bébà á rọ̀, ojú ìwé á lẹ̀ mọ́ra, á bu, irin tó di ìwé mú á dógùn-ún, àmì rẹ̀ á sì wọnú bébà. Ìwọ̀nba ni ti atẹ̀wé, ọ̀wọ́n ni ti ojú ọjọ́.

Ìbuwọ́lù náà ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ìfọwọ́sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní “mo fọwọ́ sí i”, mo gbà ni mo wí, ó lè má sí bírò lọ́wọ́ mi rárá. Àfọwọ́kọ kò ṣe é lò, nítorí pé ó ti ní ilé tirẹ̀: ohun tí òǹkọ̀wé Amos Tutuola fi ọwọ́ kọ, tó wà ní Harry Ransom Center ní Yunifásítì Texas, àfọwọ́kọ nìyẹn. Wọ́n ní gómìnà ló ń buwọ́ lu àbádòfin. Bẹ́ẹ̀ ni, òǹkọ̀wé náà sì ń buwọ́ lu ìwé. Ọwọ́ ènìyàn gan-an ló kan bébà. Kí a kàn ṣọ́ ohùn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Abuwọ́lù, pẹ̀lú ohùn àárín, ni ẹni tó ń ṣe é, bí akọ̀wé, bí apẹja. Àbuwọ́lù, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ni ohun tí a ṣe é sí, bí àṣàyàn, bí àkọsílẹ̀. King ni abuwọ́lù; ẹ̀dà tó wà nínú àkọ̀ ni àbuwọ́lù. Èdè wo ni yóò fi àmì kékeré kan ṣe iṣẹ́ tó tó báyìí?

Ẹni tó ń kó wọn jọ, akówèéjọ ni wọ́n ń pè é. Kò burú, ó bá ilé ìkówèésí lọ. Aṣàwéjọ wù mí jù, nítorí pé ó ń ṣà ni, kì í kó gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà tó bá ti òkè òkun wá pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín nínú rẹ̀, tòkunbọ̀ ni. Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun ni tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ fún ọkọ̀ àlòkù, tí gbogbo ènìyàn sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Sèmè. Mo bọ̀wọ̀ fún Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ náà ní ẹ̀bùn dídá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ó wá ku irú ìtàn náà gan-an. “Ìtàn ẹlẹ́rù” kò dára: ẹni tó ni ẹ̀rù àti ẹni tó ni ẹrù, ẹlẹ́rù ni àwọn méjèèjì nígbà tí oní bá ti lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó bá rántí Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí yóò rò pé ẹrù tó sọnù là ń wá. Adẹ́rùbani ń ka ẹ̀sùn sí òǹkọ̀wé lọ́rùn. Jàǹdùkú ló ń dẹ́rù bani. Amóríwú fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Orí ènìyàn ń wú lóru nígbà tí nǹkan bá rìn kọjá lẹ́yìn ògiri, orí rẹ̀ náà sì ń wú nígbà tí wọ́n bá ń ki oríkì rẹ̀. Ìbẹ̀rù àti ìgbádùn pàdé níbẹ̀, ohun tí òǹkàwé ń sanwó fún sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyìn ti gba amóríwú lọ. Eré bọ́ọ̀lù pàápàá ti di amóríwú.

Èyí tí mo kọ̀ jálẹ̀ ni kí a fa àwọn òrìṣà wọnú orúkọ náà. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà létí ọ̀sà Àgbádárìgì, èyí tí wọ́n parí ní 1845, ni wọ́n ní Samuel Àjàyí Crowther ti ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ Bíbélì. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì lè san án tán. Ṣùgbọ́n àwọn olùtumọ̀ tó yá áńgẹ́lì lò gbé orúkọ Èṣù fún ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run sì di ohun tí ọmọdé ń sá fún títí dòní. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún un ṣe. Zángbétò àwọn Ògù náà, ọdẹ òru tó ń ṣọ́ ìlú ni. Kò yẹ kí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé abanilẹ́rù.

Jìnnìjìnnì ni mo mú. Ẹ̀rù ń bà wá, ó ń lu wá láti iwájú. Jìnnìjìnnì ń bò wá, ó gba gbogbo ara. Kò dárúkọ òrìṣà kankan, kò ka ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ìró rẹ̀ gan-an ń gbọ̀n. Ìtàn jìnnìjìnnì, àtẹ̀jáde oníwọ̀nba, ẹ̀dà àbuwọ́lù: ó tán.

Fágúnwà kú ní 1963, Tutuola ní 1997. A kò lè gba ìbuwọ́lù lọ́wọ́ wọn mọ́. Ẹ̀yin atẹ̀wé wa, ẹ wá òǹkọ̀wé tó wà láàyè tó ń kọ ìtàn jìnnìjìnnì ní Yorùbá, ẹ tẹ ẹ̀dà alábídí 25 fún un, A dé Y, kí ẹ sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé.