Ewéko tàbí Ẹran: Ẹ̀rí láti inú Abọ́ Oúnjẹ Ìlọrin

Bí àwọn àgbà Yorùbá bá ń to oúnjẹ sí ipò-ipò, iyán ni wọ́n ń fi ṣe àkọ́kọ́, ọkà ni wọ́n ń fi tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ ni wọ́n sì ń fi sí ẹ̀yìn. Wọn kì í dárúkọ ẹran. Inú ọbẹ̀ ni ti ẹran wà. Ẹni tí ó bá ń béèrè bóyá ewéko nìkan ni a dá ènìyàn láti máa jẹ lè rò pé ìbéèrè náà ti dáhùn ara rẹ̀. Ìtàn ìlú Ìlọrin fi hàn pé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí ìhà méjèèjì. Itọ́ ẹnu wa ní èròjà tí ń sọ iṣu di ṣúgà ju ti ìnàkí lọ. Ṣùgbọ́n fítámì B12, tí àwọn onímọ̀ rí yọ ní 1948, kò sí ewéko tí ń ṣe é. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì ni a ti ń rí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti iṣan kò lè ṣe aláìní in. Àwọn ará Kintampo, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, ti ń gbin ẹ̀wà ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ń sin ewúrẹ́ pẹ̀lú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Ọ̀yọ́, ó sì fi Àlímì, àlùfáà Fúlàní, ṣe alábàárò ní Ìlọrin. Nígbà tí ó yá, ìjà dé, Àfọ̀njá kú, Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di Ẹ́mírì. Idà àti ẹṣin ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kọ nípa rẹ̀; wọn kì í bìkítà fún igbá mílíìkì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń rù wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀, ìṣòro wà nínú igbá náà. Ìwádìí tí Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 1971 fi hàn pé ikùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà Yorùbá kò lè lo ṣúgà inú mílíìkì, ṣùgbọ́n ti ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè lò ó.

Báwo wá ni wàrà ṣe di ti gbogbo Ìlọrin? Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. A ó gbé mílíìkì kaná, a ó fún oje ewé bòmubòmu sí i, yóò dì, a ó sì jẹ́ kí omi rẹ̀ ro kúrò. Omi yẹn ni ó ń gbé púpọ̀ nínú ṣúgà náà lọ. Ọwọ́ obìnrin ni ó ṣe àtúnṣe tí ikùn kò lè ṣe.

Ọ̀dọ̀ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀ràn ẹ̀mí. Ní 1933, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àkrà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí awọ ara wọn ń bó. Ògì àgbàdo ni oúnjẹ wọn lẹ́yìn tí àbúrò ti gba ọmú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àrùn náà, kwashiorkor, han gbogbo ayé. Nílẹ̀ Yorùbá náà, ẹ̀kọ tí àgbà fi sẹ́yìn ni a fi ń tọ́ ẹni tí ó kéré jù nínú ilé, nígbà tí ẹran ń lọ sínú abọ́ bàbá. Wọ́n tilẹ̀ ní ẹyin ń sọ ọmọdé di olè! Ẹni tí ó bá ní ewéko tó ènìyàn jẹ, kí ó kọ́kọ́ sọ irú ewéko wo. Èròjà tí ó dín nínú àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀wà. Àwọn tí ń se àdàlú, tí wọ́n sì ń fi gbẹ̀gìrì jẹ tùwó, ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ṣàlàyé rẹ̀.

Lónìí, wàrà sóyà wà lórí àtẹ ní Ìlọrin pẹ̀lú wàrà màlúù. Ìlà-oòrùn Éṣíà ni sóyà ti wá, ṣùgbọ́n omidùn orí ògì wà lára ohun tí a fi ń mú un dì. Ìyá tí kò lówó ẹran lè rà á fún ọmọ rẹ̀. Bí a bá sì dín méjèèjì, tí a gé wọn sínú ọbẹ̀ kan náà, ẹni tí ń jẹun lè máà tètè mọ èyí tí ó ti ara màlúù wá.