Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Sá fún Ogun

Yẹtí tó wà létí mi lónìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ẹ̀mú ká wáyà rẹ̀. Oríṣiríṣi ló máa ń ṣe: ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tó ń fì dirodiro, mẹ́ta tó gun orí ara wọn, tàbí wáyà róbótó tí ìlẹ̀kẹ̀ yí ká. Ṣùgbọ́n ọjà ló ti ra ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà. Ike ni.

Nígbà kan, àwa fúnra wa la máa ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ pupa. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn oníṣẹ́ lántànà a máa gé òkúta pupa sí wẹ́wẹ́, wọ́n á lu ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí yóò fi dán.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àárín àwọn ọdún 1830, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó. Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún àwọn tó sá wá. Àwọn oníṣẹ́ lántànà ní tiwọn forí lé Ìlọrin, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Ní ọ̀rúndún ogún, ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó olówó pọ́ọ́kú gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ ò rí i? Ogun ò rí iṣẹ́ yẹn pa, ọjà ló pa á. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra yẹtí, ẹ bi ẹni tó ṣe é: níbo ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti wá?