Bí gbèsè bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ wo àwọn tó lè ràn yín lọ́wọ́

Gbèsè kì í dédé pọ̀ lọ́rùn ènìyàn. Oníṣòwò a yá owó lọ́wọ́ àwọn gbọ́múlélántà láti fi ra ọjà. Bí ọjà kò bá tà, a tún yá òmíràn lórí fóònù láti fi san ti àkọ́kọ́. Kó tó mọ̀, owó èlé ti fẹ́ẹ̀ ju ojú owó lọ. Ìtìjú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tètè sọ̀rọ̀ síta, bẹ́ẹ̀ àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo gbèsè yín sílẹ̀: ẹni tí ẹ jẹ, iye tí ẹ yá, èlé orí rẹ̀ àti ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án. Ẹ mú un lọ bá báńkì kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún àkókò. Ẹ má ṣe sá fún wọn. Láti ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fún báńkì tí ẹ jẹ ní gbèsè láṣẹ láti gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tí ẹ ní sí báńkì mìíràn, nípasẹ̀ nọ́ńbà BVN yín.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀, ẹ wá alárinà. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 ń bá ènìyàn parí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ní ti ilé-iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńpìnnì, òfin CAMA ọdún 2020 gbà á láyè láti bá àwọn olówó rẹ̀ ṣe àdéhùn tuntun, lábẹ́ àbójútó akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó níwèé àṣẹ.

Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Òfin ACJA ọdún 2015 àti òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò fàyè gbà wọ́n láti mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Ṣùgbọ́n bí jìbìtì tàbí sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí bá wà nínú rẹ̀, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìtọ́, tí kò sì lágbára àtigba agbẹjọ́rò, lè tọ Legal Aid Council lọ.

Bí àwọn ayánilówó orí fóònù bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bà yín jẹ́ lójú ẹbí àti ọ̀rẹ́, ẹ tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí ẹ fẹjọ́ wọn sun àjọ FCCPC. Ìyẹn kò pa gbèsè rẹ́ o. Ohun tó ń dá dúró ni ìwọ̀sí.

Lákòótán, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín pa gbèsè rẹ́, tó sì ní kí ẹ kọ́kọ́ mówó wá, ẹ yàgò fún un. Gbèsè mìíràn ló fẹ́ kó bá yín.