ỌKỌ̀ TÓ RÌ ÀTI ỌMỌ TÓ YÈ: ÀJÀYÍ CROWTHER LÓJÚ ÒKUN, 1822

Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Gbogbo wa la mọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn. Ọdún 1821 ni ogun kó wọn, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 13. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ onígbòkùn àwọn Potogí, Esperanza Felix. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì dé bá wọn.

Ṣé ẹ rò pé inú wọn dùn? Rárá o! Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1837 pé nígbà tí àwọn rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́ nínú ọkọ̀ ogun, àwọn rò pé ẹran ara àwọn ẹgbẹ́ àwọn ni. Ọta ìbọn ńlá tí wọ́n kó jọ, wọ́n ní orí èèyàn ni.

Àjàyí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ogun Myrmidon. Àwọn yòókù wà nínú ọkọ̀ mìíràn. Igi ni ọkọ̀ ìgbà náà, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Bí ìjì bá dé, kò sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa tá. Ẹ̀yin náà sì mọ òkun wa yìí: ìgbì rẹ̀ kì í sinmi, iyanrìn abẹ́ rẹ̀ ń ṣípò. Ọkọ̀ kan kọ́kọ́ gun òkìtì iyanrìn, ó fọ́. Ọkọ̀ mìíràn wà nítòsí, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ yè. Kò pẹ́ ni ìjì bá ri òmíràn. Ẹrú kankan ò yè níbẹ̀. Atukọ̀ bíi márùn-ún péré ni wọ́n rí nínú ọkọ̀ kékeré lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Wọn ò lè dìde dúró, egungun lásán ló kù. Àjàyí ní 102 nínú àwọn ló bá ọkọ̀ yẹn lọ.

Òun gúnlẹ̀ sí Sàró ní June 17, 1822. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó dé Àgbádárìgì ní 1845, ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bíbélì Yorùbá tó wà lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Tẹ́lẹ̀, bí a ṣe ń wàásù ìtàn yìí ni pé, "Ọlọ́run yọ ọ́ torí pé ẹni ńlá ni!" Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan, bí a ṣe ń pariwo ẹ̀ ni ìyá kan tí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó jáde. A ò lè wàásù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá Àjàyí, Afala, tún fojú kan ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Àwọn 102 yẹn ńkọ́? Àwọn náà ní ìyá tó ń wo ọ̀nà. Ta ló sọ pé wọn ò níláárí? Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, ní Lúùkù 13, Jésù ní wọn ò dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ̀yin ará, tí Ọlọ́run bá yọ yín, ẹ dúpẹ́, ẹ sì lo ẹ̀mí yẹn fún iṣẹ́ bíi ti Àjàyí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rí yín gún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́kàn. Ẹ jókòó tì í. Ẹ̀yin tó sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìréwé, ẹ wọ life jacket yín, ẹ má sì bá ìjì jà.

Omi ò ní gbé wa lọ o. Ọlọ́run á tu gbogbo ìyá tó ṣì ń wo ọ̀nà nínú. Ẹ ṣe Àmín.