Ojú Àpá Kì í Jọ Ojú Ara: Ẹni Tó Farapa Lẹ́nu Iṣẹ́

Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fi òwe yìí sọ ni pé ohun tó ti bàjẹ́ kò lè rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ń wí fún òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn pé kó lọ sinmi títí ara rẹ̀ yóò fi padà sípò pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà jọ àánú. Àmọ́ bí ojú àpá kò bá ní í jọ ojú ara láé, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ pè é padà? Lójú tèmi, ohun tí òwe náà ń kọ́ ilé iṣẹ́ ni pé kó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àpá yóò wà, kó sì ti ṣètò iṣẹ́ tí alápàá lè ṣe.

Nílẹ̀ wa, owó gbà-má-bínú ló sábà máa ń gba ọkàn wa. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ tún ìyẹn ṣe dé àyè kan: gbogbo agbanisíṣẹ́ ní láti máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó, ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú àti owó ìrànwọ́ yóò ti jáde. Òfin náà tún ní ríran ẹni tó farapa lọ́wọ́ láti padà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà lára ìdí tí wọ́n fi ṣe òun. Èrò yìí kì í ṣe àjèjì l'Ékòó. Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì, ibùdó ìmúpadàbọ̀sípò fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Owó nìkan kì í dá ènìyàn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 2006, Gordon Waddell àti Kim Burton kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ sábà máa ń ṣe ara àti ọkàn lóore, tí àìríṣẹ́-ṣe tó pẹ́ sì ń ba ìlera jẹ́. Láti 2010, dókítà ibẹ̀ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn lè ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá dín wákàtí rẹ̀ kù tàbí tí wọ́n bá yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ní Jámánì, láti 2004, bí àìsàn bá dá òṣìṣẹ́ dúró ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ láàárín ọdún kan, dandan ni kí ilé iṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ náà kí wọ́n jọ wá ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí Ikoga, lágbègbè Àgbádárìgì. Lébìrà tí mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù tẹ̀ lọ́wọ́ kò lè gbé sìmẹ́ǹtì fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fomi wọ́n búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó ka tírípù yanrìn tó wọlé, kó sì kọ iye tí wọ́n tà sílẹ̀. Bó bá jókòó sílé, ẹlòmíràn ti gba àyè rẹ̀, gbèsè sì ti gorí gbèsè.

Wọ́n á ní àwọn kan yóò máa díbọ́n. Ta ló rọrùn fún láti díbọ́n jù, ẹni tí a kò rí, àbí ẹni tó ń yọjú fún wákàtí méjì lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́? Àwọn mìíràn ní ọ̀gá tó ní lébìrà mẹ́ta péré kò lágbára ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: kò sí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀pẹ fún ẹni tó já bọ́ láti orí rẹ̀, ó sì yẹ kí àpò ìjọba kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tí ẹni tuntun fọ́ kó tó mọṣẹ́, ṣé owó kọ́ nìyẹn?

Èyí tó le jù ni pé wọ́n ní òfin kò kan lébìrà ojoojúmọ́. Ó kàn án. Àdéhùn ẹnu lásán wọnú òfin 2010, ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá pé òun farapa, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti sọ fún àjọ. Ẹni tó bá sáré lọ bá àwọn tó ń to eegun láìsọ fún ẹnikẹ́ni lè jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá. Nítorí náà, kí ilé iṣẹ́ tó máa ronú ètò ńlá kankan, kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sára ògiri, lédè Ògù àti Yorùbá, ẹni tí a ó sọ fún lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.